Ẹ Bi Wá, A Ó Dáhùn: Ohun Tí Panápaná Olùyọ̀ǹda Ń Kọ́ Kó Tó Wọ Inú Iná

Lẹ́tà mẹ́rin la yàn fún ìtẹ̀jáde yìí. Mẹ́ta wá láti ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ Yorùbá tó ń gbé ní ìpínlẹ̀ Maryland ní Amẹ́ríkà, ọ̀kan sì wá láti ọjà kan ní Ìbàdàn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo wọn dá lé: ẹ̀kọ́ àfọwọ́ṣe tí wọ́n ń fún àwọn panápaná tí kò gba owó oṣù, àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn fún iṣẹ́ náà. A gé àwọn lẹ́tà náà kúrú díẹ̀ kí àyè lè gbà wọ́n.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi ọkùnrin, ẹni ọdún 17, sọ pé òun fẹ́ di panápaná olùyọ̀ǹda ládùúgbò wa níbí, ó sì ti gbé fọ́ọ̀mù wá kí n fọwọ́ sí i. N kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ẹnikẹ́ni ń wọ inú iná lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, kí ni wọ́n fẹ́ fi ọmọ ọlọ́mọ ṣe níbẹ̀? Ṣé ẹ̀kọ́ náà gan-an kò lè pa á kí iná tó pa á? (Ìyá kan, Maryland)

Ìdáhùn: Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ ṣeun tí ẹ kọ́kọ́ béèrè kí ẹ tó mú gègé. Ẹ jẹ́ ká tètè yanjú ọ̀rọ̀ ọ̀fẹ́ yẹn. Ní Amẹ́ríkà, ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń paná lọ́fẹ̀ẹ́, àní kí orílẹ̀-èdè náà tó gba òmìnira. Ọdún 1736 ni Benjamin Franklin àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ apaná sílẹ̀ ní Philadelphia, tí ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan sì ń tọ́jú korobá tí wọ́n fi awọ ṣe sílé de ìgbà tí iná bá sọ. Ní ọdún 2020, nínú panápaná bíi mílíọ̀nù kan tó wà ní orílẹ̀-èdè náà, àwọn olùyọ̀ǹda lé ní mẹ́fà nínú mẹ́wàá. Ọmọ yín kò dá àṣà tuntun sílẹ̀.

Ní ìpínlẹ̀ yín, ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń pè ní Maryland Fire and Rescue Institute ló ń kọ́ ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn. Ẹ̀ka Yunifásítì Maryland ni, College Park sì ni olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà. Ẹ̀kọ́ tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, Firefighter I, lé ní 100 wákàtí, wọ́n sì sábà máa ń pín in sí ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ iṣẹ́ àti òpin ọ̀sẹ̀ nítorí àwọn tó ń lọ síléèwé tàbí ibi iṣẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò kọ ìdánwò lórí ìwé, yóò sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe iṣẹ́ lójú olùkọ́: yóò wọ aṣọ iná, yóò mí nínú ìbòjú, yóò fa họ́ọ̀sì, yóò gbé àkàbà dúró, yóò wá ènìyàn nínú òkùnkùn, yóò ta kókó okùn. Ẹni tó mọ ìwé dáadáa tí ọwọ́ rẹ̀ kò dá ṣáṣá kò ní yege.

Ní ti pé bóyá ẹ̀kọ́ lè pa ènìyàn, n kò ní parọ́ fún yín: ó ti pa àwọn kan rí. Ní ọdún 1982, panápaná méjì kú ní ìlú Boulder ní Colorado nígbà tí wọ́n ń fi iná gidi kọ́ṣẹ́. Ikú wọn ló fà á tí NFPA, àjọ tó ń ṣe ìlànà ààbò iná ní Amẹ́ríkà, fi ṣe ìlànà NFPA 1403, èyí tó jáde ní ọdún 1986 láti darí irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2001, ní Lairdsville ní ìpínlẹ̀ New York, wọ́n fi ọ̀dọ́mọkùnrin ọmọ ọdún 19 kan, tí kò tíì pẹ́ tó wọ ẹgbẹ́ olùyọ̀ǹda, sí òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ilé àtijọ́ kan pé kó ṣe bí ẹni tí iná ká mọ́. Tìmùtìmù fóòmù kan gbaná nísàlẹ̀, iná àti èéfín gba òkè lọ lójú ẹsẹ̀, ọmọ náà sì kú kí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó gbé e jáde. Ilé ẹjọ́ dá ọ̀gá tó darí ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà lẹ́bi. Ìlànà tó yẹ kó dáàbò bo ọmọ yẹn ti wà nílẹ̀ tipẹ́, wọn kò tẹ̀ lé e ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ nínú ohun tí ìlànà náà wí, kí ẹ lè fi wo ibi tí ọmọ yín ń lọ. Ọmọlangidi ni wọ́n ń gbé kalẹ̀ fún àwárí, wọn kò gbọ́dọ̀ fi alààyè ṣe é láéláé. Igi gbígbẹ àti koríko ni wọ́n ń dá, kì í ṣe fóòmù, kì í sì í ṣe ohunkóhun tí wọn kò mọ bí yóò ṣe jó. Kí iná tó ràn, gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ á ti rin ilé náà yí ká, wọ́n á ti mọ ọ̀nà tí wọ́n lè gbà jáde. Olùkọ́ kan kò gbọ́dọ̀ ní ju akẹ́kọ̀ọ́ 5 lọ lábẹ́ rẹ̀, ẹnìkan sì gbọ́dọ̀ wà tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju ààbò lọ, tó láṣẹ láti dá gbogbo rẹ̀ dúró bí ohun kan kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, ẹni yòówù kí ọ̀gá jẹ́.

Nítorí náà, ẹ lọ sí ilé iṣẹ́ panápaná àdúgbò yín fúnra yín. Ẹ bi wọ́n pé ta ni ẹni ààbò yẹn. Ẹ bi wọ́n bóyá aṣọ tó bá ọmọ yín mu ni wọ́n máa fún un tàbí èyí tí ẹni tó fẹ̀ jù ú lọ bọ́ sílẹ̀. Ẹ béèrè ohun tí ẹni tí kò tíì pé 18 lè ṣe àti ohun tí kò gbọ́dọ̀ súnmọ́, nítorí ó yàtọ̀ láti ibì kan sí ibòmíràn, kí wọ́n sì fi hàn yín lórí ìwé. Ẹ ní kí dókítà yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa: ohun tó ń pa panápaná Amẹ́ríkà jù lọ lẹ́nu iṣẹ́ ni ọkàn tó daṣẹ́ sílẹ̀ lójijì, ó sì ń pa ọ̀pọ̀ ju iná fúnra rẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ aṣọ náà tún kan ilé yín. Ní ọdún 2022, àjọ tó ń ṣèwádìí àrùn jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé ka iṣẹ́ panápaná mọ́ ohun tó dájú pé ó lè fa jẹjẹrẹ, nítorí èédú àti oró èéfín tó ń lẹ̀ mọ́ aṣọ àti awọ ara. Ibùdó ni kí ọmọ yín ti fọ aṣọ iná rẹ̀, kí ó wẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀kọ́ iná, kí ó má sì gbé aṣọ yẹn wọ yàrá tàbí kó jù ú sẹ́yìn mọ́tò yín. Bí wọ́n bá dá yín lóhùn tìfẹ́tìfẹ́, ẹ fọwọ́ sí i. Bí wọ́n bá fi ẹ̀rín bo ìbéèrè yín mọ́lẹ̀, ẹ wá ibòmíràn fún un.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ọmọ ọdún 20 ni mí. Mo ti lé ní oṣù kan lẹ́nu ẹ̀kọ́ panápaná, n kò sì tíì fojú kan iná. Wọ̀ ọ́, bọ́ ọ, wọ̀ ọ́, bọ́ ọ ni wọ́n ń fi wá ṣe. Wọ́n á bo gíláàsì ìbòjú wa pátápátá, wọ́n á ní ká máa rákò kiri inú yàrá ṣíṣófo. Ṣé kì í ṣe pé wọ́n ń fi àkókò wa ṣòfò? (Akẹ́kọ̀ọ́ kan, Maryland)

Ìdáhùn: Àbúrò, bí wọ́n ṣe ń kọ́ ẹ yẹn ló dára jù. Ohun àkọ́kọ́ tí ẹ̀kọ́ àfọwọ́ṣe ń kọ́ panápaná ni bí yóò ṣe jáde láàyè. Bí yóò ṣe wọlé lọ paná kò le tó bí àwọn ènìyàn ṣe rò. Jíjáde nígbà tí ojú kò ríran, tí afẹ́fẹ́ ń tán lọ, tí ẹ̀rù sì ti gbà á lọ́kàn, ibẹ̀ ni wàhálà wà, kò sì sí ẹni tó lè kọ́ ìyẹn nínú iná gan-an.

Wo wíwọ aṣọ ná. O ti mọ̀ pé bàtà àti ṣòkòtò kì í wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: wọ́n ti ká ṣòkòtò wálẹ̀ sára bàtà, tí o bá ki ẹsẹ̀ méjèèjì bọ̀ ọ́, o fà á sókè, o gbé okùn rẹ̀ kọ́ èjìká. Ìbòrí aṣọ tó ń bo etí àti ọrùn á ti wà lọ́rùn rẹ kó tó kan ẹ̀wù. Lẹ́yìn náà ni sílíńdà afẹ́fẹ́ sẹ́yìn, ìbòjú, kí o fa ìbòrí gorí etí ìbòjú yí ká, kí o dé akoto, kí o wá fi ìbọ̀wọ́ ṣe ìkẹyìn. Níbi púpọ̀, ìṣẹ́jú 1 ni wọ́n ń fún akẹ́kọ̀ọ́ láti wọ aṣọ náà tán. Bí olùkọ́ bá ń yí ọ ká tí kò sọ nǹkan kan, abẹ́ etí rẹ àti ọrùn ọwọ́ rẹ ló ń wò. Bí awọ ara bá hàn níbẹ̀, ooru á rí i. Ní aago méjì òru, nínú ọkọ̀ tó ń sáré, kò sí àyè fún ẹnikẹ́ni láti máa ronú ohun tó kàn láti wọ̀. Ọwọ́ gbọ́dọ̀ ti mọ̀ ọ́n.

Ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ ló wá tẹ̀ lé e, òun ni mo sì fẹ́ kí o mú lọ́kàn jù. Ìṣẹ́jú 30 tàbí 45 tí wọ́n kọ sára sílíńdà kì í ṣe ìṣẹ́jú tìrẹ. Ẹni tó ń fa họ́ọ̀sì gun àtẹ̀gùn pẹ̀lú ẹrù lẹ́yìn ń mí kíkankíkan ju ẹni tó jókòó lọ, afẹ́fẹ́ rẹ̀ sì lè tán kó tó dé ìdajì iye tí wọ́n kọ. Bí ó bá ku ìdá kan nínú mẹ́ta, ẹ̀rọ ìbòjú á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n tàbí kó máa dún. Ọ̀pọ̀ ń rò pé ìgbà yẹn ni kí àwọn máa múra àtijáde. Rárá o. Ó yẹ kí o ti wà lẹ́nu ọ̀nà kí aago yẹn tó dún. Rírákò tí o ń pè ní àfiṣòfò ló ń jẹ́ kí o mọ iye afẹ́fẹ́ tí ara rẹ ń jẹ. Máa ka mítà rẹ nígbà tí o bá wọlé àti nígbà tí o bá jáde, kí o kọ ọ́ sílẹ̀. Láìpẹ́ o ó lè sọ iye tó kù láìwò ó.

Gíláàsì tí wọ́n bò yẹn, bí ilé ṣe máa ń rí gan-an nìyẹn. Nínú èéfín dúdú o kò ní rí ọwọ́ ara rẹ. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ní kí ọwọ́ rẹ má kúrò lára ògiri: bí o bá fi ọwọ́ òsì wọlé, tí o sì ń tẹ̀ lé ògiri náà, ògiri kan náà ni yóò mú ọ padà sẹ́nu ọ̀nà tí o bá yíjú padà. Bó bá ṣe pé họ́ọ̀sì ni o tẹ̀ lé wọlé, ibi tí họ́ọ̀sì méjì ti so pọ̀ ni kí o wá. Ìhà méjèèjì ìdè irin náà kò rí bákan náà lọ́wọ́, ọ̀kan ló sì ń tọ́ka sí ibi tí ọkọ̀ wà. Wọ ìbọ̀wọ́ rẹ, di ojú rẹ, kí o máa fọwọ́ bà á léraléra títí o fi dá ìhà tó kọjú síta mọ̀. Ẹni tó ṣìnà nínú ilé tí ó sì tẹ̀ lé họ́ọ̀sì lọ síbi tí kò yẹ, inú iná ló ń lọ.

Wọ́n á tún kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ké gbàjarè lórí rédíò: "Mayday" lẹ́ẹ̀mẹ́ta, lẹ́yìn náà ibi tí o wà, ọkọ̀ tí o bá wá, orúkọ rẹ, iṣẹ́ tí wọ́n rán ọ, àti ohun tí o nílò. Má ṣe fi í ṣeré. Ọkùnrin máa ń tijú láti ké, ó máa ń fẹ́ kọ́kọ́ gbìyànjú ná, ìgbà tó bá sì fi máa gbà pé òun ti ṣìnà, afẹ́fẹ́ ti dínkù. Ẹ̀rọ kékeré kan wà lára sílíńdà rẹ tó máa ń pariwo bí o kò bá mira fún bíi ìṣẹ́jú àáyá 30. Ìyẹn wà fún ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Ìwọ lè sọ̀rọ̀, torí náà sọ ọ́.

Ní ti họ́ọ̀sì, ìwọ náà á ti rí i pé kì í ṣe ohun tí ẹnìkan ń gbé lérí. Họ́ọ̀sì oníwọ̀n 1¾ ínṣì tó gùn tó 50 ẹsẹ̀ bàtà, omi inú rẹ̀ nìkan lé ní kìlógíráàmù 23, kí a tó ṣírò ti rọ́bà. Bí o bá ṣí ẹnu rẹ̀, ó ń ti ọ sẹ́yìn. Ẹni tó dìde dúró ṣánṣán lá ṣubú. Ẹni tó kúnlẹ̀, tí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì fi ejìká tì í lẹ́yìn, lè darí rẹ̀. Ìdí mìíràn sì wà tó fi yẹ kí ẹ wà nílẹ̀: nínú yàrá tó ń jó, ooru tó wà lókè orí lè ju ti ilẹ̀ lọ ní ìlọ́po mélòó kan. Bí ooru òkè bá sún mọ́ 600 lórí ìwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì, gbogbo ohun tó wà nínú yàrá náà lè gbaná lẹ́ẹ̀kan náà, kò sì sí aṣọ iná tó lè gba ẹni tó bá wà níbẹ̀ là. Àga fóòmù àti ike tí a ń lò lónìí ń mú kí ìgbà yẹn tètè dé, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ péré.

Ohun kan ṣoṣo ni mo bá ọ lọ́wọ́ sí. Yàrá ṣíṣófo kan náà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kò dára tó: orí á ti mọ yàrá náà, ọwọ́ kò sì ní kọ́ nǹkan tuntun mọ́. Fi ọ̀wọ̀ sọ fún olùkọ́ yín pé kó gbé bẹ́ẹ̀dì, tábìlì àti àga kan wọlé, kó sì yí ipò wọn padà kí ẹ tó wọlé. Àwọn olùkọ́ tó mọṣẹ́ ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ìbéèrè: Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ẹgbẹ́ panápaná olùyọ̀ǹda. Mo dirun, n kò sì ga, n kò sanra. Olùkọ́ wa ní irun mi lè má jẹ́ kí n yege ìdánwò ìbòjú. Ọ̀rẹ́ mi ní ẹlẹ́yàmẹ̀yà ni. Kí ni ẹ rí sí i? (Obìnrin kan, Maryland)

Ìdáhùn: Ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò, n kò mọ èyí tí ẹ jẹ́, ẹ jọ̀wọ́ ẹ gbà á bó ṣe wá. Ìlànà náà kò dá lórí irun dúdú. Ohunkóhun tó bá wà láàárín rọ́bà ìbòjú àti awọ ojú ń jẹ́ kí èéfín wọlé, ìdí nìyẹn tí àwọn ọkùnrin fi ń fá irùngbọ̀n. Dídì tí kò dé iwájú orí àti ẹ̀gbẹ́ ojú kò kan rọ́bà. Kókó ńlá lẹ́yìn orí ló máa ń dá wàhálà sílẹ̀, torí okùn ìbòjú kò ní jókòó, akoto á sì máa gòkè. Ẹ jẹ́ kí dídì náà tẹ́ pẹrẹsẹ, kó sì wọ abẹ́ ìbòrí tán, pàápàá bí ẹ bá fi atáṣímẹ́ńtì kún un, nítorí ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ jẹ́ ike tó ń yọ́ nínú ooru. Ọdọọdún ni ìdánwò ìbòjú, ẹ bá irun tí ẹ máa ń dì lọ ṣe é. Ẹni tí ẹ̀rọ bá ní ìbòjú rẹ̀ kò jò ti yege, olùkọ́ kò ní ohun tó lè sọ mọ́.

Ní ti agbára, ẹ béèrè ìbòjú àti ìbọ̀wọ́ tó kéré. Ìbọ̀wọ́ tó tóbi jù léwu ju apá tí kò lágbára lọ. Wọ́n á kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń fi okùn pẹrẹsẹ gba abẹ́ apá ẹni tó dákú, kí ẹ fi itan fà á nílẹ̀, láì gbé e. Àkàbà náà ní ọgbọ́n tirẹ̀: ẹ fi ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ògiri, ẹ máa rìn lọ sábẹ́ rẹ̀ títí yóò fi dìde, kí ẹ wá fa ìsàlẹ̀ rẹ̀ jìnnà sí ògiri ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà 1 fún ẹsẹ̀ bàtà 4 tí ó bá gùn. Ẹ kọ́kọ́ gbójú sókè wo wáyà iná.

Ìbéèrè: Akọ̀wé ẹgbẹ́ ọlọ́jà ni mí ní Ìbàdàn. A fẹ́ kó àwọn ọ̀dọ́ jọ kí wọ́n di panápaná olùyọ̀ǹda fún ọjà wa, bí ti Amẹ́ríkà. A ti ń dáwó láti ra aṣọ iná kan tàbí méjì àti ìbòjú onísílíńdà. Níbo ni kí a ti bẹ̀rẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ̀yin akọ̀wé, ẹ dá owó yẹn dúró ná. Ìbòjú onísílíńdà kan ṣoṣo ń rán ẹnìkan ṣoṣo sínú èéfín ni, nígbà tó jẹ́ pé òfin iṣẹ́ ní Amẹ́ríkà ní méjì ni kó wọlé pọ̀, kí méjì mìíràn tó ti múra tán dúró síta dè wọ́n. Sílíńdà náà nílò ẹ̀rọ tí yóò fún afẹ́fẹ́ mímọ́ sínú rẹ̀ àti àyẹ̀wò déédéé. Ẹ ó ra ohun tí ẹ kò ní lè tọ́jú, ọ̀dọ́ kan á sì ki orí bọ ìbòjú tí kò ní afẹ́fẹ́.

Iṣẹ́ ìta ni kí ẹ kọ́ wọn, ó sì pọ̀ tó. Ẹ kọ́ ẹni tí yóò pe 112, tàbí 615 tí ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ń lò, kó lè sọ orúkọ ọjà, ẹnu ọ̀nà tí ọkọ̀ lè gbà àti ohun tó ń jó láìkígbe. Ẹ yan àwọn tí yóò sáré lọ sójú títì láti mú ọkọ̀ panápaná wọlé. A máa ń sọ pé ọ̀nà kan kò wọ ọjà, ṣùgbọ́n ọ̀nà tó lè gba ọkọ̀ yẹn nínú ọjà yín lè má ju ẹyọ kan lọ, ẹ wọ̀n ọ́n, kí ẹ sì lé tábìlì kúrò níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹni méjì ó kéré tán ní ìlà ṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan mọ ibi tí wọ́n ti ń pa iná mànàmáná àti jẹnẹrétọ̀. Ẹ kọ ohun tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, gáàsì, ọ̀dà, epo, kí ẹ lè fi lé panápaná lọ́wọ́. Ẹ rántí ìbúgbàmù Bódìjà ní ọjọ́ 16 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2024, tó jẹ́ pé ohun abúgbàmù tí wọ́n kó pamọ́ sínú ilé kan ló fà á, tí àwọn ará àdúgbò kò sì mọ̀.

Lẹ́yìn èyí, ẹ kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ panápaná ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ pé kí wọ́n wá kọ́ wọn ní lílo sílíńdà apaná pupa, kí olúkúlùkù sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́, kó má jẹ́ pé wọ́n ń wò ó lásán. Ọ̀pọ̀ kò mọ̀ pé kì í pé ìṣẹ́jú 1 tí èyí tí wọ́n ń fi ọwọ́ gbé fi ń tán, pé ìdí iná ni wọ́n ń fọ́n ọn sí, kì í ṣe ahọ́n rẹ̀, àti pé ẹ̀yìn ẹni tó dì í mú gbọ́dọ̀ kọ sí ọ̀nà àbájáde. Bí sílíńdà kan bá tán tí iná kò kú, kí ó sá jáde, kí ó sì ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù náà bó bá ṣeé ṣe. Èyí ni kí ẹ tẹnu mọ́ fún àwọn ọ̀dọ́ yín, nítorí kò ní dùn mọ́ wọn nínú.

Ẹ ṣe ìfidánrawò náà ní ọjọ́ tí ọjà kún, nígbà tí aláàárù ń kọjá tí ọkọ̀ ẹrù sì ti dí ẹnu ọ̀nà. Tí ẹ bá ṣe é ní ọjọ́ Àìkú, ohun tí ẹ ó rí kò ní jọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ tí iná bá sọ.